Ìgò Ọtí Tí N Kò Rí Ẹni Bá Mi Ṣí

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ yà wá mu omi. Ìjókòó pọ̀ nílé yìí, àwọn tó ń jókòó sí i ni kò sí. Ìwọ tí wọ́n ń pè ní Àkànmú yìí, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lára ìbọn mi, ìbọn yẹn ti rí ohun tí bàbá tó bí ọ kò rí. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ fà síbí, atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ dára ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí tí ẹfọ̀n ń yà fún lọ́nà, tí ìkookò ń kí ní ẹ kúuṣẹ́. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni, ẹ lọ bi ìkookò.

Ìtàn ìgò tí ẹ ń wò lórí pẹpẹ yẹn ni mo fẹ́ sọ. Láti ìgbà tí ẹ ti wọlé ni Àkànmú ti ń wò ó, tó ń gbé itọ́ mì. Ṣe sùúrù, ọmọ mi. Àdéhùn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín ṣe: ẹ gbọ́ ọ dé òpin. Ẹni tó bá ń kánjú, kó mu omi rẹ̀ kó máa lọ nísinsìnyí, n kò ní bínú. Kò sẹ́ni tó dìde? Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Abúlé yìí kò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n la títì ọkọ̀ sí òdìkejì odò ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ, tí wọ́n ń kọ́lé sí ẹ̀bá títì, títí ó fi ku èmi àti Àwẹ̀ró, ìyàwó mi. Nígbà tí Àwẹ̀ró kú, a sin ín sẹ́yìn ilé, níbi tí igi òsàn yẹn wà. Àwọn ọmọ ní kí n wá máa bá àwọn gbé nílùú ńlá. Mo ní ta ni yóò máa gbá ẹ̀yìn ilé? Ni wọ́n bá lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín: ó máa ń ṣe mí bíi pé kí ewúrẹ́ kan ṣáà wọlé wá jẹ mí níṣu, kí n lè rí nǹkan bá wí.

Ọdọọdún ni àwọn ọmọ ń fi ọtí ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n á fi ṣínáàpù onígò aláwọ̀ ewé ránṣẹ́, wọ́n á fi jíìnì ránṣẹ́, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ ọtí òyìnbó pupa kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń rán mọ́ ọn: "Baba, ẹ fi gbàdúrà fún wa." Ẹ mọ bí a ti í ṣe é. Àgbà ilé yóò ṣí ọtí, yóò ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ, yóò gbàdúrà, ẹni tó jókòó tì í yóò dáhùn pé àṣẹ, ife àkọ́kọ́ yóò sì jẹ́ ti ẹni tó dáhùn. Nínú ìdílé tiwa, ẹnì kan kì í dá ọtí àdúrà ṣí. Nígbà ayé Àwẹ̀ró, òun ló ń dáhùn fún mi. Bó bá ké àṣẹ, àwọn adìẹ á sá wọ inú igbó. Lẹ́yìn rẹ̀, mo kàn ń to àwọn ìgò náà sínú àpótí ni, eruku ń bò wọ́n. Kí ni kí n fi wọ́n ṣe? N kò lè tà wọ́n, àdúrà ọmọ mi ni. N kò lè dá wọn mu, n kì í ṣe ọ̀mùtí. N kò sì lè dà wọ́n nù.

Lọ́jọ́ kan, Sùbérù, awakọ̀ tó máa ń já ẹrù sí ẹ̀bá títì, sọdá odò wá bá mi. Kò jókòó. Ó ní, "Baba, láti ọ̀dọ̀ Àyọ̀ká ọmọ yín ni mo ti ń bọ̀. Oyún rẹ̀ ti kọjá àkókò. Ó ń rọbí, kò bí, agbára sì ń tán nínú rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní kí n bi yín: ọtí tí àwọn fi ránṣẹ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún, ṣé ẹ ti ṣí i?"

Mo ní n kò tíì ṣí i. Sùbérù wò mí títí, ó mi orí, ó lọ.

Bó ṣe ń lọ ni mo gbọ́ tí nǹkan ń kan àpótí láti inú. Mo ṣí i. Ìgò ṣínáàpù Àyọ̀ká ló ń gbọ̀n láàárín àwọn yòókù. Mo gbé e sétí, mo gbọ́ ohùn ọmọ mi nínú rẹ̀ kedere: "Baba, ẹ ṣí mi." Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀yin èèyàn. Èmi tí n kò sá fún àmọ̀tẹ́kùn, mo sá sẹ́yìn fún ìgò.

Mo gbé ìgò náà sáré lọ sí ẹ̀bá títì láti wá ẹni tí yóò dáhùn. Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá ní òun ti di ẹni ṣọ́ọ̀ṣì, òun lè ṣe àmín fún mi láti òkèèrè, ṣùgbọ́n òun kò ní jókòó ti ọtí. Èkejì ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé, kí n má wulẹ̀ gbé e wọ ìloro òun. Ẹnì kẹta, Lájídé, nìkan ló gbà láti jókòó, ó sì ti di adití pátápátá. Mo gbàdúrà sí i létí títí ohùn mi fi há, ó ní, "Ẹ ṣé, ara mi ti le díẹ̀." Mo gbé ìgò mi, mo dìde.

Ìgbà náà ni mo rántí Igbó Adánìkanwà. Bàbá mi, tí òun náà jẹ́ ọdẹ, sọ fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré pé ẹnì kan ń gbé inú igbó náà tó ń dáhùn àdúrà àwọn tí kò ní ẹni dáhùn. Bàbá mi ti débẹ̀ rí. Ó gbé ìgò lọ, ó bọ̀ láìsí ìgò, kò sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú. Mo fi ìborùn Àwẹ̀ró di ìgò Àyọ̀ká mọ́ àyà mi. Mo kó àwọn ìgò yòókù sínú àpò ọdẹ, mo ní bí mo bá rí ẹni dáhùn fún ọ̀kan, kó kúkú dáhùn fún gbogbo wọn. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo wọgbó.

Àpáta ńlá kan ni mo kọ́kọ́ bá, ó dúró sójú ọ̀nà bí ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Mo kí i pé, "Ẹ ǹ lẹ́ o!" Ohùn kan dá mi lóhùn láti inú àpáta pé, "Ẹ ǹ lẹ́ o!" Inú mi dùn! Mo ti rí ẹni dáhùn, n kò tilẹ̀ rìn jìnnà. Mo jókòó, mo ní, "Kí Àyọ̀ká sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀!" Òun náà ní, "Kí Àyọ̀ká sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀!" Mo ní, "Àṣẹ ni kẹ́ ẹ wí!" Ó ní, "Àṣẹ ni kẹ́ ẹ wí!" Mo bínú. Mo ní, "Ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀!" Ó ní, "Ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀!" A bá ara wa jà títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Nígbẹ̀yìn ló wá yé mi pé gbohùngbohùn ni, pé látàárọ̀, èmi nìkan ni mo ń bá ara mi wí. Mo gbé orí lé orúnkún, mo sunkún. Àpáta náà bá mi sun ún, kò sì yọ ọ̀kan sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo gbé etí lé ìgò àyà mi, ohùn ọmọ mi ti rẹlẹ̀ díẹ̀. Mo dìde, mo ń lọ.

Níwájú, mo dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Atètèdáhùn. Ẹnu àwọn ará ìlú náà fẹ̀, etí wọn kò ju ẹyọ àgbàdo lọ. Kí n tó dé ẹnubodè ni wọ́n ti gbóòórùn ọtí lára mi, tí wọ́n sáré jáde pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Mo wúkọ́, wọ́n ní, "Àṣẹ!" Ikọ́ náà kò sì dá mọ́, àfìgbà tí mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu. Ó yé mi pé nǹkan ń bẹ níbẹ̀: ohunkóhun tí èèyàn bá sọ nílùú yìí, bó ti ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi àṣẹ sí i, á sì ṣẹ lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí n máa ṣọ́ ẹnu mi.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ àwa ọdẹ. Bí a tilẹ̀ ru erin, bí wọ́n bá bi wá pé báwo ni igbó, a ó ní a kò rí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa, kò sí ọdẹ tó ń ṣí àpò rẹ̀ fún èrò ọ̀nà. Àgbà kan láàárín wọn rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Ọdẹ, ẹ kú ewu ọ̀nà. Kí lẹ rí pa bọ̀?" Ẹnu mi sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé mo rán an níṣẹ́. Mo ní, "Háà, Baba, kò sí nǹkan kan nínú àpò mi o."

Gbogbo ìlú ké pé, "Àṣẹ!"

Àpò mi fúyẹ́ léjìká. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ṣófo. Gbogbo ìgò àwọn ọmọ mi yòókù ti lọ. Mo fẹ́ ké "Mo kú o" bí gbogbo èèyàn ti í ké e. Mo ti sọ "Mo", ni mo bá rí bí gbogbo wọn ṣe la ẹnu sílẹ̀ tí wọ́n ń dúró dè mí. Mo gbé èyí tó kù mì kàlù. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín! Bí mo bá parí ọ̀rọ̀ yẹn, ta ni ì bá bu omi fún yín lónìí?

Àìmọye ọdẹ ni ìlú yẹn ì bá jẹ run, ṣùgbọ́n Ọdẹ́jìnmí ni wọ́n pàdé. Mo fi ọwọ́ bo ìgò tó kù lábẹ́ ìborùn, mo ya ẹnu, mo ní, "Oorun ń kun gbogbo yín, ẹ ń sùn lọ fọnfọn!" Wọ́n ní, "Àṣẹ!" Wọ́n sì ṣubú lulẹ̀, wọ́n ń hanrun, pẹ̀lú ife wọn lọ́wọ́. Mo kọjá láàárín wọn, n kò jẹ́ fi àdúrà ọmọ mi lé ẹnu tí kì í gbọ́ ohun tó ń dáhùn. Àkànmú, gbọ́, kò sí ẹni tó ní kí o ṣe àṣẹ níbẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé ìgò lò ń wò. Má tètè dáhùn, gbọ́ ọ tán ná.

Mo rìn títí n kò fi gbọ́ ohùn ẹyẹ mọ́. Bí mo ti ń rò pé mo ti ṣìnà, mo gbọ́ ìró ìgò tó ń kan ìgò níwájú. Mo tẹ̀ lé ìró náà, mo bọ́ sábẹ́ ìrókò kan tí àwọn ìgò ọtí yí i ká, òkìtì lórí òkìtì, ti ayé àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, kò sí ọ̀kan tí wọ́n ṣí nínú wọn. Ní àárín wọn ni ẹ̀dá kan jókòó. Èèpo igi ni ara rẹ̀. Etí kan ṣoṣo ló ní, ó tóbi bí atẹ, ó bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan láti orí dé orúnkún. Ẹnu rẹ̀ kò ju ẹnu ìgò lọ.

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Dìde, ọdẹ. Adáhùn ni mí. Já àlọ́ yìí fún mi kí n tó bá ọ sọ̀rọ̀. Ó ní ẹnu, ẹnu rẹ̀ dí. Ó ní ikùn, ikùn rẹ̀ kún. Ó ń retí ẹni méjì, ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, ó rọrùn lójú mi. Mo ní, "Ìgò ọtí àdúrà ni, Baba."

Ó ní, "O gba ìdajì. Ìdajì tó kù ńkọ́?"

Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀, mo wo òkìtì ìgò. Nígbà tí mo wo ara mi ni mo tó mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Èmi ni, Baba." Ó dùn mí bí mo ti ń sọ ọ́. Adáhùn ní, "Jókòó."

Mo tú ìborùn. Ohùn Àyọ̀ká nínú ìgò ti di mímí lásán. Ìdérí ìgò náà le, mo fi eyín fà á. Àlàfo tí ẹ ń wò níwájú ẹnu mi yìí, ibẹ̀ ni eyín náà dúró sí títí di ọjọ́ yẹn. Mo ta ọtí sílẹ̀, mo ní, "Àyọ̀ká ọmọ Àwẹ̀ró, kí o sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ti ọmọ. Kí o gbé ọmọ rẹ wá sílé bàbá rẹ, kí o má padà lọ mọ́."

Mo dúró de àṣẹ Adáhùn. Mo ní, "Baba, ẹ dáhùn, ẹ̀mí ọmọ mi ń bọ́ lọ!"

Ó ní, "Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn kò sí nínú ìgò ọmọ rẹ. Tìrẹ lo fi há a. Mú un jáde."

Mo fẹ́ bínú sí i. Mo fẹ́ bi í pé kí ló burú nínú kí ọmọ ẹni wá gbé ọ̀dọ̀ ẹni. Ṣùgbọ́n mo gbé etí lé ìgò, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo fi ìborùn ìyá rẹ̀ nu ojú mi. Mo ní, "Àyọ̀ká, kí o bí láyọ̀. Kí o máa gbé níbi tí ara bá ti tù ọ́." Ẹ̀yin èèyàn, ọ̀rọ̀ tó wúwo jù tí ẹnu mi gbé rí nìyẹn.

Adáhùn ní, "Àṣẹ."

Kò pariwo. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbọ́ ọ, àwọn ìgò gbogbo sì mì jìgìjìgì. Láti ẹnu ìgò tí mo ṣí ni mo ti gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun, lẹ́yìn rẹ̀ ohùn Àyọ̀ká tó ń béèrè omi. Mo bú sẹ́kún, mo ń rẹ́rìn-ín, mo bu ife àkọ́kọ́ fún Adáhùn. Ó ní òun kì í mu ún. Ó ní, "Ta ló sọ fún yín pé nítorí mímu ni? Ẹni tó bá jókòó gbọ́ àdúrà títí dé òpin kó tó la ẹnu, òun ló lè dáhùn."

Ó tọ́ka sí òkìtì náà, mo sì rí ìgò àwọn ọmọ mi yòókù níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọtí tí a kò ṣí ń wá bó bá sọnù. Mo ṣí gbogbo wọn, mo gbàdúrà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó dáhùn. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, mo rí ìgò kékeré kan nísàlẹ̀ tí wọ́n fi òwú pupa so ìyẹ́ àlùkò mọ́ lọ́rùn. Àmì bàbá mi nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń so ó mọ́ ìbọn rẹ̀.

Adáhùn ní, "Ó jókòó síbi tí o jókòó sí yìí. Ẹkún kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó gbé ìgò sílẹ̀, ó lọ. Mo ti ń retí kó padà wá. Àdúrà tí ẹnikẹ́ni kò fẹnu sọ, n kò lè dáhùn rẹ̀."

Mo gbé ìgò náà sétí. Mo gbọ́ ohùn bàbá mi, ohùn tí mo ti ń gbàgbé: "Kí Ọdẹ́jìnmí ọmọ mi má dá wà." Mo ṣí i. Mo fi ẹnu ara mi gba àdúrà bàbá mi fún ara mi. Adáhùn sì ní, "Àṣẹ."

Mo wá bi í pé, "Baba, ta ló ń gbàdúrà fún ẹ̀yin?" Ó ní kò sẹ́ni tó bi òun bẹ́ẹ̀ rí. Mo mú ìgò kan tí n kò gbọ́ ohùn kankan nínú rẹ̀ láti ṣí i fún un, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ta ni yóò dáhùn? N kò lè dáhùn tèmi." Ìgò náà ló gbé fún mi. Ó ní kí n máa gbé e lọ sílé, kí n má ṣí i àfi bí mo bá rí àwọn tó jókòó gbọ́ ìtàn yìí dé òpin. Mo fi í sílẹ̀ láàárín ìgò rẹ̀. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, etí ńlá yẹn kọjú sí mi, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ mi bí mo ṣe ń lọ.

Mo délé, Sùbérù mú ìròyìn wá pé Àyọ̀ká bí obìnrin, pé wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ náà gùn, n kò tíì lè pè é dáadáa. N kò tíì rí ọmọ náà. Ọ̀nà jìn, mo mọ̀. Ilé tún dákẹ́ bó ṣe wà, mo sì rò pé àdúrà bàbá mi kò gbà. Àfi lọ́jọ́ kan tí obìnrin kan yà láti ojú ọ̀nà odò, tó ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi mu." Láti ìgbà náà ni èrò ti ń yà, bí ẹ̀yin náà ti yà yìí. Ẹ rò pé òùngbẹ ló mú yín wá. Àdúrà bàbá mi ni yín.

Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó ti ń yà tẹ́lẹ̀ ń kánjú. Òmíràn á dìde nígbà tí mo bá dé ìdí àpáta, òmíràn á sùn lọ nígbà tí mo bá dé Atètèdáhùn. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ dé òpin. Àkànmú, gbé ìgò yẹn wá. Bá mi fi eyín tìrẹ ṣí i, tèmi kò tó mọ́. Mo ta á sílẹ̀: Àwẹ̀ró, gba tìrẹ. Bàbá mi, ẹ gba tiyín.

Adáhùn tó wà nídìí ìrókò, tó gbọ́ tèmi, tó gbọ́ ti ọmọ mi, kí ìwọ náà rí ẹni yà sọ́dọ̀ rẹ. Kí o rí ẹni bá sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe pé ó wá tọrọ nǹkan.

Ó yá, ẹ dáhùn.

Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ gbé ife yí ká. Ẹni tí kò bá ń mu, kó gbé e fún ẹni tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ ń ṣú, mo mọ̀ pé odò wà níwájú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde.